Àwo Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Jẹun ní Igbó Aláwo

Ṣànràn-án! Bẹ́ẹ̀ ló máa ń dún, á sì dákẹ́. Kò jọ dídún agogo, kò jọ ṣaworo ẹsẹ̀ ọmọdé, kò sì jọ irin tó bọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ sórí òkúta. Ó dà bí ìgbà tí òjò irin bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì dá wáí. Mo ti gbọ́ ìbọn tó bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ igbe ẹfọ̀n tí ọta bà tí kò kú. Mo ti gbọ́ àràbà tó wó lójú mi láìsí afẹ́fẹ́. Gbogbo wọn ti ń ṣí kúrò létí mi díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gun orí ọjọ́, ṣùgbọ́n ìró ẹ̀wọ̀n yẹn kò lọ.

Ní ìlú olótùútù tí mo ti di arúgbó yìí, pápá kan wà lẹ́yìn ilé mi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ju àwo ike pẹlẹbẹ sínú agbọ̀n irin tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ṣe aṣọ fún. Eré ni wọ́n pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí àwo wọ agbọ̀n tí ẹ̀wọ̀n sì dún, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló yọ̀ mí, wọ́n sáré wá gbé mi dìde. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé mo ti ju irú àwo yìí rí, láàrin àwọn tí kì í ṣe ènìyàn, àti pé ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí rẹ̀? Ẹ̀yin ni mo máa sọ ọ́ fún. Ẹni tó bá ní iná lórí ààrò kí ó yáa lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá wọ igbó tán, n kì í jáde kíákíá.

Èmi Ìṣọ̀lá ọmọ Ọdẹ́níran ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ má wo funfun irun mi. Nígbà tí egungun mi ṣì le, bí mo bá wọ igbó, ẹkùn á pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Etu kan wà tí kò tilẹ̀ dúró de ìbọn mi mọ́. Ó gbọ́ ikọ́ mi lásán ni, ó bá dùbúlẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, etu náà kò sí níbí láti jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bí mo ti le tó nì, ọmọ ẹ̀yìn ni mo jẹ́ fún Ọdẹ́yalé, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Ìyá wa kú nígbà tí mi ò tíì dá ẹ̀kọ mọ̀ yàtọ̀ sí ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Inú àwo kan ṣoṣo ni a jọ ń jẹun, bí ẹran bá sì ku ẹyọ kan, wọ́n á ní, "Máa mú un, eyín ń dùn mí." Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò sí eyín kankan tó ń dùn wọ́n.

Igbó kan wà lẹ́yìn oko wa, ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Igbó Aláwo ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà sọ pé ẹgbẹ́ awo kan ló ń ṣe orò níbẹ̀ nígbà láéláé, wọ́n á sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Irọ́ gbáà! Aláwo ni ẹni tó ní awo lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláwo náà ni ẹni tó ní àwo. Àwo ló wà níbẹ̀, àwo pẹlẹbẹ, ìlú sì ń bẹ̀rù awo tí kò sí. Ṣé ẹ rí i, ohùn kékeré tó sọnù lára ọ̀rọ̀ lè kó odidi ìlú láyà jẹ.

Nígbà ẹ̀rùn kan, ẹ̀gbọ́n mi tọpa ẹfọ̀n wọ igbó náà, wọn kò sì padà. A dúró dè wọ́n títí. Àwọn ọdẹ kó ara wọn jọ, wọ́n dé etí igbó, wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n pe orúkọ wọn títí ohùn fi há, wọ́n sì yí padà. Olórí ọdẹ wa, Bàbá Àkéèwùsọlá, gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ìṣọ̀lá," wọ́n ní, "ẹni tó bá wọ Igbó Aláwo, orúkọ rẹ̀ nìkan la máa ń gbà padà. A kì í gba ara."

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú orúkọ náà. Èmi ń lọ gba ara."

"Ọmọ yìí, orí ẹ pé?"

"Orí tó pé wà nínú igbó yẹn, Bàbá. Èyí tó wà lọ́rùn mi yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n bá mi tò ó."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, mo di gààrí díẹ̀, mo ki ìbọn, mo sì wọlé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, igbó wà, igbó sì ju igbó lọ. Nínú igbó yẹn, ewé kì í jábọ́ láìwo ẹ̀yìn. Mo rí igi tó ń mí. Mo rí àwọn ìkamùdù tí wọ́n tò lọ bí ọmọ ilé ìwé, tí èyí tó wà níwájú ń fi orin darí wọn, orin náà sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tò sẹ́yìn wọn. Ẹ jẹ́ n fo ìyẹn o, nítorí bí mo bá ní kí n máa sọ ohun tí ojú mi rí lọ́nà, ẹ̀gbọ́n mi á kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Níbi tí odò kékeré kan gbé dábùú ọ̀nà, mo bá ẹ̀dá kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn wọ inú omi, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà sì kọ́lé sínú rẹ̀, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde bí ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀.

"Ọdẹ," ó wí, "san ìbodè."

"Kí ni ẹ ń gbà, Bàbá?"

"Irọ́ kan. Kó jẹ́ tuntun o. Èyí tí ẹ̀yin ọdẹ ń kó wá láti ọjọ́ yìí ti kan."

Mo ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọdẹ, ìbọn mi kò tàsé rí."

Ó tutọ́ sómi. "Gbogbo yín lẹ ń pa ìyẹn. Mú òmíràn wá."

Mo ronú sókè, mo ronú sódò. Mo ní, "Ẹ̀rù kò bà mí rárá láti wọ igbó yìí."

Ó gbé e mì, ó gùfẹ̀, gbogbo ẹ̀gà sì fò jáde nínú irùngbọ̀n rẹ̀. "Háà! Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí igi ni, ó ṣì ń gbóná! Kọjá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ìyá tó ni ibi tí ò ń lọ kì í purọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ohùn kan ṣoṣo ló ní."

"Ta ni kò ní ohùn kan ṣoṣo, Bàbá? Ṣé èmi ní méjì ni?"

"Mẹ́ta lo ní, ìwọ aláìmoore yìí. Ọ̀fẹ́ ni ìyá rẹ fún ọ, o ò tilẹ̀ kà á sí." Ó sì ri irùngbọ̀n rẹ̀ padà sómi. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo kọjá.

Mi ò tíì rìn jìnnà nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣànràn-án! Ẹsẹ̀ mi dúró láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo rọra ya ewé sọ́tọ̀, mo yọjú. Ẹ gbà mí, ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, bí mo bá pa ojú dé báyìí, mo ṣì ń rí i. Ibi gbalasa kan ni, ilẹ̀ rẹ̀ tútù bí ewé gbúre. Oòrùn wọ ibẹ̀ láti òkè bí ìgbà tí a bá da omi sínú kèrègbè. Láti igi dé igi, agbọ̀n irin ló rọ̀, ẹ̀wọ̀n tínínrín sì bò wọ́n yíká bí irun ìyàwó tuntun. Àwọn iwin ń ju àwo láàrin àwọn igi náà: iwin gíga, iwin kúkúrú, iwin tí ọwọ́ rẹ̀ jáde láti àyà. Àwo ń fò, kò sáriwo. Òmíràn á lọ tààrà bí àwòdì tó rí òròmọdìẹ, òmíràn á yí po igi kó tó rántí ilé. Bí èyíkéyìí bá bọ́ sínú agbọ̀n, ẹ̀wọ̀n á dún, gbogbo iwin á fi ọwọ́ kan àyà, wọ́n á dákẹ́ títí ìró náà á fi tán. Èmi tí mo ti pa ẹkùn, mo gbàgbé pé ìbọn wà léjìká mi. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí ikú bá rí báyìí, kí ni a ń sá fún?

Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n jókòó lábẹ́ agbọ̀n tó tóbi jù. Ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí wọn lórí bí ìbòrí. Ojú wọn là, ṣùgbọ́n kò rí mi. Mo pariwo orúkọ wọn, wọn kò jẹ́.

"Ta ni ọ," ohùn kan wí lẹ́yìn mi.

Mo yí padà. Ìyá kan ló dúró níbẹ̀, ó ga bí ọ̀pẹ, ara rẹ̀ sì rí bí èèpo ọ̀pẹ. Ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, kò fa ọ̀rọ̀ gùn, kò gé e kúrú. Gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Bí irú ìyá yìí bá ní ọkọ, o ò ní mọ̀ bóyá ọkọ tó fẹ́ obìnrin ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń gún ẹran, àbí ọkọ̀ tí a fi ń sọdá omi. Èmi fún ara mi sọ ọ́ ní Olóhùnkan. Bí mo bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí, n kò ní fi àmì kankan sórí rẹ̀, kí ẹ lè gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ilé o, ìyá. Èmi ni àbúrò ẹni tó jókòó lábẹ́ ẹ̀wọ̀n yẹn. Kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ yín?"

"O fi awo wa jẹun."

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ awo? Wọ́n bá wọn mulẹ̀?

"O fi awo wa jẹ ẹba," ó tún wí.

Ó wá yé mi. Kò sẹ́ni tó ń fi awo jẹ ẹ̀bà, àwo ni a fi ń jẹ ẹ́! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbi tí ẹkún ti ń gbọ̀n mí. Ebi pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ẹfọ̀n, wọ́n rí ohun pẹlẹbẹ kan lórí koríko, wọ́n ṣe bí ti ọmọ ènìyàn ni, wọ́n tẹ ẹ̀bà sí i.

"O si fi iyanrin fọ ọ," ó wí, gbogbo àwọn iwin sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a sọ fún pé ẹnìkan fi aṣọ orò nu ilẹ̀. Wọ́n fi iyanrìn fọ̀ ọ́! Bí ìyá wa ṣe kọ́ wọn ni. Ẹni tó bá fi àwo ẹlòmíràn jẹun, kó dá a padà ní mímọ́.

"Ẹni to ba fi awo wa jẹun, alejo wa ni," Olóhùnkan wí. "Alejo wa ki i lọ. Ẹni ti wọn jọ jẹ ninu awo kan lo le ju u sile. Mẹta ni awo. Bi ọkan ba wọ agbọn, mu u lọ. Bi o ba tase, ẹwọn a bo o si i. Bi ẹwọn ba bo oju rẹ, ki o maa pe e ni igi."

Wọ́n tẹ́ ewé kókò sílẹ̀, wọ́n to àwo mẹ́ta sórí rẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi, torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwo ìjùsílé ni wọ́n. Àwo ìjùjìnnà wà lọ́tọ̀, etí rẹ̀ mú bí abẹ, òun ni a fi ń la igbó já. Àwo ìjùsílé ni a máa ń mú nígbà tí agbọ̀n bá ti wà lójú kòrókòró, tó sì jẹ́ pé ìtìjú ló kù bí a bá tàsé. Èkíní ń dán bí oyin tí a gbé sí oòrùn. Èèyàn lè rí ọmọ ìka ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Pupa, aró àti àwọ̀ ewé ń ṣàn nínú rẹ̀ bí epo lójú omi. Ó le, mo fi èékánná lù ú, ó dún kó. Kò sí àpá kan lára rẹ̀. Èkejì rọ̀ bí etí màlúù. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ká. Mo fi sílẹ̀, ó nà. Ó ń lẹ̀ mọ́ni bí oje rọ́bà tí kò tíì gbẹ, ewé gbígbẹ kan sì ti lẹ̀ mọ́ ọn níkùn. Òun náà tuntun. Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ojú tì mí fún un. Ó ṣá bí ike ìwẹ̀ tí wọ́n ti fi wẹ àbíkẹ́yìn. Etí rẹ̀ ti jẹ, ojú rẹ̀ hó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rin ọ̀nà ẹ̀rùn láìwọ bàtà.

Olóhùnkan na ìka sí wọn. "Awọ ni ki o wo."

Àwọ̀! Mo ní, ìyẹn ò le. Ta ni àwọ̀ rẹ̀ dára tó ti èkíní? Mo gbé e. Ó wù mí débi pé mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo dúró, mo fojú sun agbọ̀n, mo jù ú. Yé è! Ọwọ́ mi ti làágùn nítorí ẹ̀rù, ara rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Kí n tó fi í sílẹ̀ ló ti fi mí sílẹ̀. Ó gba òkè lọ, ó kọlu irin tó gbé agbọ̀n ró, ó dún kó, ó ta padà, ó sì sáré wá sẹ́sẹ̀ mi bí ajá tó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀wọ̀n sọ̀ kalẹ̀, ó wé ẹ̀gbọ́n mi láti ẹsẹ̀ dé ìgbáyà.

Mo gbé èkejì. Olóhùnkan tẹ orí wá sílẹ̀. "Ọwọ ni ki o fi mu u," ó wí.

Ọ̀wọ̀! Ṣé èmi, ọmọ tí a kọ́ nílé, ni wọ́n máa kọ́ ní ọ̀wọ̀? Mo tún dọ̀bálẹ̀ fún àwo náà. Mo kì í: "Àwo rọ́bọ́rọ́bọ́, ọmọ oje tí í lẹ̀ mọ́ni, má lẹ̀ mọ́ mi lónìí." Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì jù ú. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún fi í sílẹ̀, ọwọ́ òsì kò tíì gbọ́; ó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwo náà yí gbirigbiri lókè bí ọ̀mùtí, ó gbá iwin kan tó ń sùn ní ìpàkọ́.

"Ta ló pè mí?" iwin náà bi wọ́n, ó sì sùn padà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wọ̀n tún sọ̀ kalẹ̀, ó wé ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbáyà dé àgbọ̀n ìsàlẹ̀, èèpo igi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́rùn ọwọ́ wọn.

Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Nígbà tí mo nujú tán, mo ní, "Ìyá, mo bẹ̀ yín. Awọ lẹ ní àbí àwọ̀?"

"Awọ," ó wí.

"Ṣé ọ̀wọ̀ ni àbí ọwọ́?"

"Ọwọ."

Ẹ gbọ́ ìdáhùn! Bí inú ṣe bí mi tó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oníbodè onírùngbọ̀n wá yé mi. Ìyá náà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀, èmi ni mò ń fi òkè àti ìsàlẹ̀ tèmi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó sì bá ìgbéraga mi mu ni mò ń fi kún un. Bí kì í bá ṣe àwọ̀, awọ ni; awọ, ara tó bo nǹkan. Bí kì í bá ṣe ọ̀wọ̀, ọwọ́ ni. Ọwọ́ tèmi yìí. Ojú kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n di àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbà. Mo pa ojú dé.

N kò bú èyí tó ń dán o. Àwo àtọmọdọ́mọ ni. Yóò kọlu igi láti ọdún dé ọdún kó tó ní àpá kan. Lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ tutù, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbẹ, yóò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi kò gbẹ lọ́jọ́ náà. N kò bú èyí tó rọ̀. Bó bá kan ẹ̀wọ̀n, kì í ta padà, á kan sùn síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oòrùn ti mú un rọ̀ jù, kì í fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni. Etí àwọn méjèèjì sì ṣì mú, agídí tuntun wà lára wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ dé ibi tí à ń rán wọn, wọ́n á yà sí ọ̀nà tiwọn. Mo wá gbé ẹ̀kẹta. Ọmọ ìka mi rìn lórí rẹ̀, wọ́n sì dúró.

Ìlà iyanrìn wà lára rẹ̀. Fínnífínní, ní òbírí òbírí, gbogbo rẹ̀ yí sí apá kan náà, sí apá òdì. Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í sì í fi iyanrìn fọ àwo láì fọ̀ ọ́ débi tí á fi ké. Wọ́n ti fọ dídán kúrò lára ike yẹn, wọ́n ti fọ awọ tuntun sí i, awọ tó di ọwọ́ mi mú bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń di ọwọ́ ènìyàn mú. Òógùn mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kàn wọ inú àwọn ìlà náà lọ ni, kò sì yọ̀.

"Eyi ti gbo," Olóhùnkan wí lókè orí mi. Bóyá ìkìlọ̀ ni, bóyá ẹ̀sùn ni, n kò mọ̀.

Mo la ojú, mo ní, "Ìyá, ohun tó bá gbó ló ń gbọ́ràn."

Mo dìde. N kò kì í, n kò bú u, n kò fojú sun ohunkóhun. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi lójú, mo sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ na àwo oúnjẹ sí wọn láti òdì kejì ẹní. Àwo náà kúrò lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. Kò yára. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò yára rárá! Ó ń lọ tààrà, kò gbọ̀n, kò yà, ó ń yí bí òṣùpá tó bọ́ sójú ọ̀nà oko. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ kó lè kọjá. Iwin tó ń sùn dìde jókòó. Nígbà tó dé iwájú ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n là bí aṣọ ilẹ̀kùn tí onílé fi ọwọ́ ká, ó wọlé, ẹ̀wọ̀n sì pa dé lé e.

Ṣànràn-án!

Gbogbo igbó fi ọwọ́ kan àyà. Èmi náà fi kan tèmi. Ìró náà lọ títí, ó gba inú egungun mi kọjá, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀wọ̀n wọ́ sókè kúrò lára ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ṣubú sílẹ̀, tí wọ́n ń hanrun bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oko.

Olóhùnkan gbé wọn kọ́ èjìká bí ọmọ, ó sì gba ọ̀nà ilé níwájú mi. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kan, mẹ́wàá tèmi. Mo ń sáré, mo ń wọ́sẹ̀, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Nígbà tí a yọ sí etí igbó, ó ti jìnnà sí mi. Mo ń rí èéfín ìlú wa tó ń gòkè lẹ́yìn oko. Ó dúró. Ó yíjú padà sí mi, ó na ìka sí èéfín náà, ó wí pé:

"Ma bọ."

Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀. "Èmi, ìyá?"

"Ma bọ," ó tún wí. Ó yí padà, ó ń lọ.

Má bọ̀. Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lè wọlé, èmi kò gbọ́dọ̀ bọ̀. Mo rò pé owó ìràpadà wọn nìyẹn, pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan èéfín yẹn, ẹ̀wọ̀n á padà wá gbé wọn. Mo fara pa mọ́ sẹ́yìn igi, mo rí i tó tẹ́ wọn sí ẹnu ọ̀nà ahéré. Mo rí àwọn ará oko tí wọ́n sáré jáde, tí wọ́n pariwo ayọ̀. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi la ohùn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu wọn ni, "Ìṣọ̀lá dà?" Mo fi eyín di ọwọ́ mi. Mo yí padà, mo gba ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà yẹn ló gbé mi dé etí òkun, òkun ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Mo wa ọkọ̀ ẹrù, mo ṣọ́ ilé àwọn ẹlòmíràn, mo bí ọmọ tó ń pe orúkọ mi bí ẹni tó ń fẹ́ iná. N kò ránṣẹ́ sílé rí. Mo sọ fún ara mi pé ohùn ènìyàn gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Bí ohùn mi bá dé ibẹ̀, mo ti bọ̀ nìyẹn.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ìlú wa kan pàdé mi ní ilé ìwòsàn, ó gba nọ́ńbà mi, ó sì mú un délé. Ẹ̀gbọ́n mi wà láyé! Ọmọbìnrin wọn, Abọ́sẹ̀dé, ló kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ó ní ojú bàbá òun ti ń ṣú, pé wọ́n ń fẹ́ rí mi kó tó ṣú tán, pé òun á tún kọ̀wé bí òun bá ti bi wọ́n léèrè ohun tí òun máa sọ. Mo dúró. Èyí tó wá tẹ̀ lé e ni èyí:

"Baba ni ki e ma bo."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi sórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní kí n má bọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, iná ilé ń jó, òtútù ń mú mi. N kò jẹun. Ìgbà tí kò rọgbọ mọ́ ni mo pe ọmọ náà.

"Abọ́sẹ̀dé, kí ni mo ṣe fún bàbá rẹ tí wọ́n fi ní kí n má bọ̀?"

"Háà, bàbá kékeré! Ta ló ní kí ẹ má bọ̀? Ẹ máa bọ̀ ni mo kọ! Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀!" Ẹ̀rín mú un débi pé ó ń wúkọ́. "Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀yin náà?"

Igbó ti wá dúró sínú yàrá mi. Mo tún rí ìyá gíga náà níwájú mi, ẹ̀gbọ́n mi léjìká rẹ̀, èmi lẹ́yìn tí mò ń wọ́sẹ̀. Kí ni ẹni tó wà níwájú máa ń sọ fún ẹni tó bá rẹ̀ lẹ́yìn, tó bá yíjú padà tó sì nàka sí ilé? Máa bọ̀. Máa bọ̀, ọmọ, a ti dé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo fi ohùn tó le jù sí i.

"Bàbá kékeré, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Bàbá mi jókòó tì mí. Wọ́n ní ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Fi mí sílẹ̀ kí n kọ ọ́, kí o sì kà á sí wọn létí bí mo bá ṣe kọ ọ́."

Ọmọ ọmọ mi ló fi hàn mí bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí àmì á fi yọ lórí rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé òrìṣà ni mò ń bọ ní ìlú òkèèrè, tàbí pé ẹ̀wà ni mò ń bó. Mo wo àmì kọ̀ọ̀kan wò, òkè ní òkè, ìsàlẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Mo sì fi ránṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Ìṣọ̀lá ni. Mò ń bọ̀."